Ti Inú Ni Kí Ẹ Bá Mi Dè

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Obìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ wá, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka káàdì kámẹ́rà.

"Àǹtí, ẹ ra ti ìta. Wàyà lásán lẹ máa fi sí i."

"Ti ìta kì í pẹ́ sọnù nílé wa. Ti inú ni kí ẹ bá mi dè."

"Àbí eku ló ń kó o ni?"

"Eku ẹlẹ́sẹ̀ méjì." Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdán an wò. Nígbà tó dè é tán, ó gba káàdì tí obìnrin náà yọ lára kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó fi í sínú ihò ẹ̀rọ tuntun náà. Àwòrán àárọ̀ ọjọ́ náà yọ. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí mọ́tò, ó ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tì táyà iwájú. Ó fi ike táyà bò ó padà, ó sì nu ọwọ́.

"Ọkọ mi nìyẹn," ni obìnrin náà wí. "Mọ́tò mi tí mo gbé wá síbí sì nìyẹn."

Fóònù obìnrin náà dún. Ọkọ rẹ̀ ló ń pè.

"Olólùfẹ́, ṣé o ti dé ojú títì márosẹ̀? Màmá ń retí rẹ. Sáré díẹ̀ sí i."

"Mò ń lọ báyìí."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó yọ káàdì, ó fi ẹsẹ̀ rìn jáde. Kò bojú wẹ̀yìn.