Ọkọ̀ Tó Ní Ìjà Ò Tíì Parí

Ọjọ́ kẹrin rèé tí Màmá Títílọpẹ́ ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù Ráímì mẹkáníìkì.

"Ẹ má bínú, mà," Ráímì tún wí. "Mi ò ṣe bíréèkì yẹn dáadáa, ló ṣe ń han gooro. Òfin ni ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, àfi tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bá gbọ́ pé ìjà wa ti parí."

"Mo ti foríjì ẹ́. Ọ̀la la ó sọ ọmọ ọmọ mi lórúkọ ní Ìsẹ́yìn."

Ọkọ̀ màmá gbọ́ ohùn wọn wò. "Ìbínú ṣì wà níbẹ̀," ló wí. "Mi ò lè ṣíná."

Ráímì ju sípánà sílẹ̀. "Ìwọ irin lásán yìí, ta ló fi ẹ́ jẹ adájọ́?"

"Bá mi bi í!" ni màmá figbe ta. "Ṣé òun ló bí wa ni?"

"Ẹ jẹ́ n tú u palẹ̀, mà."

"Tú u, ọmọ mi!"

Iná ọkọ̀ tàn. "Ẹ ti rẹ́," ló wí. "Ó dàbọ̀."

Inú màmá dùn, ó kó sínú ọkọ̀, Ráímì sáré ṣí géètì fún un. Nígbà tó dé ìkóríta ló tẹ bíréèkì, ni bíréèkì náà bá han gooro bíi ti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ráímì nu bẹ́ǹṣì náà, ó sì fi í síbi tó wà de màmá.