Apá Tí Àmúsà Yá

Ní oṣù kẹta ọdún 1997, Raliat, oníṣòwò tó máa ń ti Èkó wá ra léèsì ní Deira ní Dubai, mú lẹ́tà kan wá fún Àmúsà. Àmúsà jókòó sórí páálí nínú ilé ìkẹ́rùsí tó ń ṣọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ọ́fíìsì tó ń rí sí owó àwọn sójà tó di aláàbọ̀ ara máa dá ìwé kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ padà.

"Kí ni wọ́n wí?" Raliat bi í.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kò ga mọ́, Àǹtí. Wọ́n ní ara mi ti yá."

"Ṣé ó ti yá ni?"

"Oògùn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí mo bá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì péré, ilẹ̀ ni wọ́n á ti ṣà mí."

Kò parọ́. Ogun Liberia ló ti kó ẹ̀jẹ̀ ríru bọ̀, ó sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan rí ní ibùdókọ̀ kan ní Al Mamzar nígbà tí oògùn tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá lo oògùn, kò ní rí owó gbà; bí kò bá lò ó, kò ní sí láyé láti gbà á. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta wà ní Abẹ́òkúta, owó ọlọ́dẹ kò sì lè bọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà sú u. Àǹfààní kan ṣoṣo ló kù: kí dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìwé rẹ̀ sì dé Èkó kó tó di òpin oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á pa fáìlì rẹ̀ dé.

Rasheed ló mú àbá wá. Òun àti Àmúsà jọ ń sùn ní yàrá kan náà, nínú bedspace, yàrá àjùmọ̀gbé ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, alágbára. Bélì aṣọ tí ẹni méjì ń sá fún, òun nìkan ló ń gbé e sínú ọkọ̀. Oòrùn nìkan ló máa ń mú un ráhùn; nígbà míì á so táwẹ́ẹ̀lì mọ́ orí pinpin, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, apá kì í sọ orúkọ," ni Rasheed wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi lọ."

"Ẹ̀jẹ̀ tìẹ dà tó fẹ́ ru?"

Ṣùgbọ́n Àmúsà rántí ọgbọ́n bárékè. Sójà tí kò bá fẹ́ lọ sójú ogun á po iyọ̀ mọ́ kọfí dúdú, á mu ún kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ru, á lọ bá dókítà. Òun fúnra rẹ̀ kò lè dán an wò, ikú ni. Rasheed ní kò sí wàhálà.

Wọ́n mú kílínííkì kan ní Sharjah, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Mọ́ńdè, Tọ́sìdè àti Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá fún wọn. Ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Àmúsà á se kọfí oníyọ̀ sínú fúláàsì, á gbé e fún Rasheed, á sì lọ síbi iṣẹ́. Ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á bèèrè pásípọ́ọ̀tù. Wọn kò bèèrè. Nọ́ọ̀sì pe Àmúsà, Rasheed dáhùn, nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mọ́ńdè, 190 lórí 120 ló wà nínú ìwé. Fúláàsì ti ṣófo, Rasheed sì ti fọ̀ ọ́ mọ́.

"Kọfí yẹn lágbára o!" ni Àmúsà wí.

Tọ́sìdè, ó di 200 lórí 125. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Raliat ra ṣáwámà wá fún wọn. Rasheed bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbé tòun pamọ́ di ìrọ̀lẹ́.

"Ìwọ tó ń gbé ẹrù bí ràkúnmí!" Raliat fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Àbí ìyàwó lo fẹ́ fẹ́ tí o ń sọ́ oúnjẹ jẹ?"

Rasheed rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ẹrù.

Mọ́ńdè kejì, 210 lórí 130.

"Dókítà di ọwọ́ mi mú," ni Rasheed sọ nígbà tó dé. "Ó ní khalas, ó tó gẹ́ẹ́, kí n má gbé ẹrù mọ́ láyé mi. Ó ní ọjọ́ tó bá wù ú ni iṣan ẹ̀jẹ̀ lè bẹ́ nínú orí mi. Wallahi, ẹ̀gbọ́n, ó kù díẹ̀ kó sunkún!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Àmúsà. Rasheed yọ páálí oògùn kan lápò.

"Ẹ gbà. Orúkọ yín ló wà lára ẹ̀."

Àmúsà gbà á, ó dúpẹ́. Oògùn tó ń lò gan-an ni, kò sì ní ra òmíràn fún oṣù kan.

Raliat gbé ìwé náà lọ sí Èkó. Ó di oṣù kẹjọ kó tó mú èsì dé, ó sì ti ń jó bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Àmúsà ka lẹ́tà náà. Wọ́n ti gbà. Wọ́n á máa san owó náà lóṣooṣù títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó sáré bọ́ sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí Rasheed ti ń di ẹrù sínú kọ̀ǹténà.

"Rasheed! Wọ́n ti gbà! Kọfí yẹn ló ṣe é o!"

Rasheed sọ bélì orí rẹ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ iwájú orí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ojú ń tì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, torí kó má di ṣekárími ni mi ò ṣe sọ: gbogbo Mọ́ńdè àti Tọ́sìdè ni mo máa ń gba ààwẹ̀, inú síǹkì ni mo ń da kọfí yín sí, àdúrà nìkan ni mo gbà, Ọlọ́run sì dá wa lóhùn."