Ẹni Tó Tẹ Bíréèkì

Bíréèkì ọkọ̀ yìí ló já tí ọkọ mi fi kú. Lọ́la, ọmọbìnrin wa ni yóò wà á.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Lámídì mẹkáníìkì gbé páìpù bíréèkì méjì wá: onírọ́bà, àti èyí tí wọ́n hun wáyà irin bò.

“Rọ́bà tó, Màmá.”

“Fi í sí i.” Ó ti rẹ̀ mí.

Ó dè é tán, ó wà lábẹ́ ọkọ̀, ó fẹ́ yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù náà. “Ẹ bá mi tẹ bíréèkì.”

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ṣì wà nígbà tí iná bíréèkì pupa tàn sí mi láṣọ. Kò sẹ́ni nínú ọkọ̀.

“Háà, ẹsẹ̀ yín le bíi ti Bàbá! Ẹ fi í sílẹ̀.”

Iná náà kò kú.

“Lámídì,” mo ní, “yọ rọ́bà yẹn. Fi onírin sí i.”

Iná náà rọra kú.