Kí Wọ́n Tó Bá Àrìnpé To Eyín

Ó ti rẹ Àrìnpé tẹnutẹnu.

Láti àárọ̀ ló ti jókòó sílé ìtọ́jú eyín kan ní Ugbowo, ọkọ rẹ̀ Jayéọlá sì jókòó tì í.

Eyín iwájú Àrìnpé ti wọ́, kò rẹ́rìn-ín ní gbangba mọ́.

Dọ́kítà Adétọ́lá mú ike kan jáde, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì.

"Èyí la fi ń to eyín báyìí, Mà. Èèyàn ò ní tètè rí i lẹ́nu yín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹun tàbí fọ ẹnu nìkan lẹ ó máa yọ ọ́."

"Ẹ bá a ṣe é," Jayéọlá dáhùn kíá. "Ohun tó bá ti lè mú inú ìyàwó mi dùn."

Dọ́kítà rẹ́rìn-ín. Irú ọkọ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Fóònù Jayéọlá dún, ó jáde lọ gbé e.

Àrìnpé mí kanlẹ̀. "Dọ́kítà, ṣé ó tó ohun téèyàn ń dààmú lé lórí? Tó bá tò tán, ṣé kò ní wọ́ mọ́?"

"Tẹ́ ẹ bá ń wọ èyí tá a máa fún yín fi sùn, kò ní kúrò lójú kan. Àfi tí nǹkan bá gbá a."

Àrìnpé wo ilẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ ká dá a dúró ná."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?"

"Eyín mi tò nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbá a."

Dọ́kítà dìde, ó tilẹ̀kùn.

"Ta ni ká pè?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní Ikpoba Hill."