Ohun tí Abógúnrìn Lọ Béèrè ní Modákẹ́kẹ́

Ní ọdún 1963, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà kan ní Ilé-Ifẹ̀ kéde pé àwọn yóò ṣe dìbéètì ní ọjọ́ Sátidé. Ohun tí wọ́n fẹ́ jiyàn lé lórí ni bóyá òwò ẹrú ni ó fa ogun abẹ́lé tí ó tú ilẹ̀ Yorùbá ká láyé àtijọ́. Àlàní, akọ̀wé kóòtù láti àdúgbò Ìrèmọ̀ ní Ifẹ̀, ni yóò sọ pé òwò ẹrú kọ́. Mojíre, tíṣà láti Modákẹ́kẹ́, ni yóò sọ pé òwò ẹrú gan-an ni. Ohun tí ẹgbẹ́ kò mọ̀ ni pé àwọn méjèèjì ti ṣe àdéhùn ìgbéyàwó láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Inú Àlàní dùn débi pé oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Bí ó bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, á máa kí ewúrẹ́ lójú ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó lu òǹtẹ̀ sára ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀gá rẹ̀ sì bi í bóyá ibà ló ń ṣe é. Òun àti Mojíre ti fi ẹnu kò pé ẹni tí ó bá pàdánù ni yóò máa pọn omi ilé fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Ohun kan ló kù. Bàbá Àlàní ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ń jẹ́ Abógúnrìn ni baálé wọn, kò sì sí ẹni tí í gbé ìyàwó wọlé láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Abógúnrìn gbọ́ orúkọ ọmọ náà, ó gbọ́ ibi tí ó ti wá, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

“N kò bá Modákẹ́kẹ́ jà,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ogun ló da ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ níbẹ̀. A kò mọ ọmọ ọlọ́mọ, a kò mọ ẹni tí wọ́n fi okùn fà wá. Ọmọ ẹrú kò wọ ilé yìí rí. Èmi fúnra mi ni n ó lọ wádìí.”

Àlàní dọ̀bálẹ̀, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì ń súfèé jáde.

Nígbà tí dìbéètì ku ọjọ́ mẹ́rin, ó mú Mojíre lọ kí Ìyá Àjọkẹ́, ìyá tí ó bí Abógúnrìn àti bàbá Àlàní. Ìyá ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún. Ogun ti run ìlú tí wọ́n bí i sí, òun nìkan ló sì kù nínú agbo ilé tí ó fojú rí ayé ìgbà náà. Àlàní fẹ́ kí ó fún òun ní ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi borí.

Mojíre kúnlẹ̀. Ìyá bi í pé ọmọ ta ni. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ìyá kò mọ̀ ọ́n. Ó wá ní ọmọ-ọmọ Àtọ́kẹ́ aláró ni bàbá òun.

Ìyá Àjọkẹ́ fa ọmọ náà dìde, ó mú un jókòó sórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi” ni ó ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń kẹ́ ọmọ. Ó kọ̀ kí ẹlòmíràn bu omi fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde lọ bù ú. Àlàní ní ìyá ti gbàgbé òun láti ìṣẹ́jú yìí lọ.

Ìtàn tí ìyá sọ kò sì ṣe Àlàní láǹfààní. Ó ní wọ́n rán ọmọ ọdún mẹ́wàá kan lọ já ilá lóko, kò sì padà. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti gbé e tà. Àwọn ọkùnrin ìlú mú àdá, wọ́n wá a dé ìlú kejì, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìlú méjèèjì ti di ahoro. Mojíre ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà.

“Ìyá, ẹ̀yìn ta lẹ wà?” ni Àlàní béèrè.

“O ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀,” ni ìyá dáhùn.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún dé ojú fèrèsé. Àlàní ní ipò àti agbára ni àwọn ìjòyè ń dù. Ó ní ẹrú ti wà tipẹ́ kí ogun tó dé, pé a kì í torí pé igi ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí a ní igi ló fa ìjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Mojíre bọ́ síwájú, ó béèrè ohun tí àwọn ìjòyè náà ń tà kí wọ́n tó rí ìbọn rà. Lẹ́yìn náà ó sọ ìtàn ọmọ tí ó lọ já ilá, ó sì jókòó.

Mojíre ló borí. Àlàní ni ó kọ́kọ́ fò dìde pàtẹ́wọ́. Kí alága tó ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tán, ó ti yá garawa lọ́wọ́ olùtọ́jú gbọ̀ngàn, ó gbé e ka orí pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó ń bi àwọn ènìyàn léèrè ibi tí ẹ̀rọ omi wà. Gbogbo ìlú mọ ohun tó wà láàárín wọn lọ́jọ́ náà.

Ní Mọ́ńdè, Abógúnrìn wọ agbádá, ó lọ sí Modákẹ́kẹ́. Ó ti padà dé ilé kí oòrùn tó kan àtàrí. Kò bọ́ fìlà. Yàrá ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó pe Àlàní.

“Lọ gbé ìyàwó rẹ,” ni ó wí. “Kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí mọ́.”

Àlàní kò béèrè. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé ilé Mojíre láìtẹ bíréèkì rẹ̀ rárá, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó kí oṣù tó parí.

Ó di ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìyàwó kí Mojíre tó sọ fún Àlàní èsì tí bàbá òun fún Abógúnrìn: pé ẹnikẹ́ni ní ilé àwọn kò ṣẹrú rí, pé ẹrú kan ṣoṣo ni Àtọ́kẹ́ rà láyé rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan tí ó dá sílẹ̀ nígbà tí ogun parí, tí ó fà lé ọkọ lọ́wọ́ ní Ìrèmọ̀ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀, àti pé Àjọkẹ́ ni orúkọ tí ó sọ ọ́.