Láptọ́ọ̀pù Onímeje tí Àjàlá Rà

Àjàlá, àkọ́bí ìyá wa, kì í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá gbé ohun méjì síwájú rẹ̀, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù ni yóò mú, yóò sì fi ẹni tó mú kékeré ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú ọ̀nà ńlá Lẹ́kkí gbòòrò dé Ajah ni ó ti ń ta ilẹ̀ ìdílé wa, ilẹ̀ títà sì ti kọ́ ọ pé ohun tó pọ̀ ló dára. Nítorí pé òun ni àgbà, òun la máa ń rán láti ra ohun tí ilé bá nílò.

Ní ọdún tí Fàrídátù, àbíkẹ́yìn wa, fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ní inú ilé ni yóò ti ṣe ìdánwò, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan rí, kò yege, wọn kì í sì í gba ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ẹ̀kẹta. A kò ní láptọ́ọ̀pù nílé. Màmá bá pe Àjàlá pé kó lọ rà á wá.

"Bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, bi wọ́n bí bátìrì rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó bí wọ́n bá mú iná lọ. Bàbá yín gbé ẹ́ńjìnì ńlá sórí ọkọ̀ ojú omi kékeré rí. Epo ló ń mu, kò kó ẹja wálé."

"Màmá, ṣé ọkọ̀ ẹja ni mo fẹ́ lọ rà ni?"

Òun àti Fàrídátù lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ṣàngótẹ̀dó. Rẹ̀míláyọ̀, obìnrin tó ń tajà níbẹ̀, gbé láptọ́ọ̀pù méjì síwájú wọn. Ọ̀kan tóbi, wọ́n kọ méje sára sítíkà tó ń sọ irú ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀. Ìkejì kéré, mẹ́ta ló wà lára tirẹ̀.

"Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe nílé?"

"Ìwọ sáà di onímeje yẹn fún mi."

"Tòkunbọ̀ ni, sà, ó sì ti pẹ́. Ọpọlọ rẹ̀ lágbára nígbà tó wà ní tuntun, àmọ́ ó máa ń gbóná, ó sì máa ń jẹ bátìrì. Tuntun ni onímẹta yìí. Fún ìwé kíkọ, fídíò àti ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti tó yín."

Àjàlá rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá ní kí o mú nínú pẹ́lọ́ọ̀tì ilẹ̀ méje àti pẹ́lọ́ọ̀tì mẹ́ta, èwo lo máa mú?"

"Mo máa kọ́kọ́ lọ wò ó ni, sà. Bí méje yẹn bá wà nínú omi ńkọ́?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Fàrídátù fà á láṣọ. "Bọ̀dá mi, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè Màmá." Ṣùgbọ́n inú ti bí Àjàlá. Ó sanwó onímeje, ó sì jáde.

Nígbà tó délé, Ọlákẹ́mi, ayálégbé wa tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, wá kí i kú oríire. Àjàlá wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ọlákẹ́mi, wá wo kọ̀ǹpútà! Onímẹta tí o máa ń gbé sórí itan yẹn, àwọn ọmọdé ló ń fi í ṣeré."

"Ó ń ṣe iṣẹ́ tí mo ní fún un, sà," ni Ọlákẹ́mi wí.

Nígbà tí ìdánwò kù fẹ́ẹ́rẹ́, Àjàlá tún gbé jẹnẹrétọ̀ ilé lọ síbi tó ti ń kọ́lé. Suliat, àbúrò rẹ̀, bi í léèrè ohun tí a ó lò bí iná bá lọ.

"Kọ̀ǹpútà tó tó báyìí, o tún ń wá jẹnẹrétọ̀?"

Lọ́jọ́ ìdánwò, láptọ́ọ̀pù náà ń kùn bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Fàrídátù kò tíì ṣe é dé ìdajì tí iná fi lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ojú ẹ̀rọ fi dúdú.

"Bọ̀dá mi, ó ti kú o!"

Àjàlá tẹ̀ ẹ́, ó gbá a, ó tún fẹ́ atẹ́gùn sí i lára. Kò jí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kú láàárín ìdánwò láti padà wọlé, omijé sì ti ń bọ́ lójú ọmọ. Suliat sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọlákẹ́mi ń fi láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Suliat sọ̀rọ̀ parí.

"Ẹ gbé e. Mo ti fi iná sí i láàárọ̀."

Fàrídátù padà wọlé. Iná kò dé títí ó fi parí, ẹ̀rọ kékeré náà kò sì kùn rárá. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ti gbà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánwò yẹn, Màmá pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀.

"Láti òní lọ, Suliat ni yóò máa ra ohun tí ilé bá nílò."

"Màmá, èmi àkọ́bí yín ńkọ́?"

"Àkọ́bí tí mo fi ìbéèrè kan ṣoṣo rán, tí kò bi wọ́n. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí o tó lọ síbi kankan, lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ọlákẹ́mi kí o sì dúpẹ́ oore àná."

Báyìí ni láńlọ́ọ̀dù ṣe dọ̀bálẹ̀ fún ayálégbé rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, níṣojú gbogbo àwọn tó ń pọnmi.

"Àǹtí Ọlákẹ́mi, ẹ ṣé àná o. Ẹ bá wa gba ọmọ wa là."

"Háà! Ẹ dìde, sà! Ẹ dìde!"

Rẹ̀míláyọ̀ kò gba onímeje padà. Inú pálọ̀ ló wà di òní, kì í ṣiṣẹ́ bí wáyà rẹ̀ kò bá sí lára ògiri. Bí àlejò bá bi wá pé ta ló ra ẹ̀rọ ńlá yìí, Àjàlá á dìde, á ní òun fẹ́ lọ mu omi.

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, kí ẹ tó ra ohunkóhun sínú ilé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi í ṣe, kí ẹ sì bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tó wà lára nǹkan kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì sọ bóyá yóò dúró tì yín nínú òkùnkùn. Ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun kékeré tí ó wà lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Fàrídátù ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Gbogbo ìgbà tó bá wọ aṣọ funfun rẹ̀ jáde, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń kọ́kọ́ gbà láti kí Àǹtí Ọlákẹ́mi, àwa náà a sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.