Máa Tàbí Má

Lọ́dún 1991, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, wọ́n kan pátákó mọ́ ẹ̀bá kànga tuntun. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ: E MA MU OMI YI. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru sì ń jà ní abúlé kejì. Àwọn tó gbé korobá wá ń wojú Tíṣà Ọládòṣù, nítorí òun ló ń kọ́ni ní Yorùbá nílé ìwé girama.

"'Ẹ máa mu' ni," ni Tíṣà wí. "Ta ní í gbẹ́ kànga tán, tí yóò ní ká má mu ún?"

Títíladé, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ọgbọ́n orí lásán lèyí ń fẹ́. Ta ní í kan pátákó káráyé tó mọ̀ pé mímu ni omi? Ẹ ti ríbi tí wọ́n kọ 'Ẹ máa jẹ iyán' sí rí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òógùn bo Tíṣà, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì mú.

"Ẹ fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀, ìyáàfin, gírámà là ń sọ. Ká ní ìkìlọ̀ ni, wọn ì bá ya agbárí òkú sí i."

"Ẹni tí ò rí ọ̀dà fi sàmì ohùn, ṣé òun ni yóò ya agbárí?"

Làmídì bíríkìlà gbé ife sókè. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ṣé ká mu ún ni, àbí ká má mu ún?"

Iyàn ti dùn. Tíṣà tú ọ̀rọ̀ ìṣe palẹ̀, ó to fáwẹ̀lì jọ, ó fi ẹfun ìkọ̀wé ogún ọdún búra. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tí wọ́n ń dájọ́ ọmọ rẹ̀. Títíladé fi iyàn náà sílẹ̀ níkẹyìn, kì í ṣe pé ó gbà, àkókò iṣẹ́ ló ti tó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Tíṣà.

Làmídì bu omi kún ife, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ̀yin lẹ jàre, sà. Ẹ ṣíwájú, ká tẹ̀ lé yín."

Tíṣà wo ife náà. "Rárá o. Òǹgbẹ ò gbẹ mí."

"Ẹ gbà mí!" ni Títíladé pariwo. "Ọkùnrin tó ń polówó ohun tí kò lè fẹnu kàn!"

Wọ́n hó lé e lórí. Làmídì da omi náà nù, gbogbo wọn sì gbé korobá wọn, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ.

Tíṣà nìkan ló kù níbẹ̀, ó di ikùn mú: kí wọ́n tó wá kan pátákó láàárọ̀, ó ti mu ife méjì.